Tìkọ̀

Tíṣà Ọ̀ṣúndìjí kọ ọ́ sára pátákó dúdú
lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú bọ̀ lórí Òkè-Baálẹ̀:
TÌKỌ̀.
Ó na pàṣán sí mi. "Ìwọ, Lásísì,
lò ó ní gbólóhùn."

Mo dìde. Mo ṣí ẹnu. Mo pa á dé.
Mo wo Múníratù, Múníratù wo bàtà rẹ̀.
Mo fọwọ́ kan tábìlì, mo fọwọ́ kan etí,
atẹ́gùn gbá fèrèsé, kíláàsì dákẹ́,
ni tíṣà bá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Jókòó.
O ti lò ó tán."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri
bíi kọ́bọ̀ tí wọn ò ná mọ́, ní ìsàlẹ̀ àpò ṣòkòtò.

Kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rù a máa sáré.
Kì í ṣe ọ̀lẹ: ọ̀lẹ ti sùn, ó ti faṣọ borí.
Iyèméjì, inú orí nìyẹn ń gbé,
níbi tí ẹnìkan ti ń wí pé lọ, tí ẹnìkejì ń wí pé dúró;
ara ni ilé tìkọ̀,
orúnkún ló mọ̀ ọ́n, gìgísẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.
Lọ́ ló sábà ń ṣáájú rẹ̀: ó ń lọ́ tìkọ̀,
bí ẹni ń lọ́ okùn tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi dì.
Mo rántí ewúrẹ́ Ìyá Sàrátù
tí wọ́n ń fà gba ẹ̀yìn Ọjà Ọba lọ:
kò jà, kò dùbúlẹ̀, kò ké,
ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kàn ń bá okùn sọ̀rọ̀.

Bí mo bá là á sí méjì
(eré ni mo ń ṣe o, ẹ má sọ fún àwọn onígírámà),
tì ń ti ilẹ̀kùn láti ìta,
kọ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kan náà láti inú.
Ṣùgbọ́n kò tíì kọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.
Ẹni tó kọ̀ ti délé rẹ̀, ó ti ń jẹun.

Mo tún lò ó ní téṣàn ọkọ̀ ojú irin,
lọ́dún tí Múníratù ń lọ sí Kàdúná,
àpótí páànù kan, òṣùwọ̀n gààrí mẹ́ta.
Ọkọ̀ ti fọn fèrè.
Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.
Mo ní, "Ṣé o mú omi dání?"
Ó ní òun mú omi.
Irin ha irin, ọkọ̀ kọrí sí ọ̀nà Ìkìrun,
mo ṣì ń bi í léèrè omi.

Lónìí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Gàníyù, àbúrò mi,
ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọdún mẹ́sàn-án la ò ti kí ara wa
nítorí ilé bàbá wa, tí páànù rẹ̀ ti ń jò,
tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbé.
Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ òsì mi.
Ọwọ́ ọ̀tún ti gbéra láti kan ilẹ̀kùn,
ó dúró sójú ọ̀nà.
Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni tó fẹ́ tọ̀,
mo padà.
Ọmọ kan tí ń ta omi inú ọ̀rá ń wò mí,
kò pọlówó mọ́.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn láti inú ilé,
ohùn bàbá wa gan-an, tó ti wá di tirẹ̀:
"Ta ló ń lọ́ tìkọ̀ níbẹ̀ yẹn?
Òjò ń bọ̀ o."

Mo ṣí ẹnu.
Òjò kán sórí ọ̀rá búrẹ́dì, ẹ̀ẹ̀kan,
ẹ̀ẹ̀kejì.